Ìrìn Gil Hodges Lọ sí Ìpẹ̀kun Pápá

Ìwọ òǹkàwé mi, bí olùkọ́ rẹ bá ní kí o padà lọ tún ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ́, inú lè bí ọ. Fi ara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí ná.

Ní ọdún 1962 ni a dá ẹgbẹ́ Mets sílẹ̀ ní New York láti máa ṣe eré bésíbọ́ọ̀lù. Nínú eré yìí, ẹnìkan a sọ bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì a fi ọ̀pá gbá a, àwọn tí ó dúró káàkiri pápá a sì sáré láti hán an. Ní ọdún náà, wọ́n borí ní ìgbà 40, a sì ṣẹ́gun wọn ní ìgbà 120. Bẹ́ẹ̀ ni Casey Stengel, olórí wọn, ti kó ẹgbẹ́ Yankees gba ife-ẹ̀yẹ tí ó ga jùlọ ní ìgbà 7! Wes Westrum rọ́pò rẹ̀ ní 1965, òun náà sì lọ ní 1967.

Gil Hodges dé ní 1968. Ó mú Rube Walker wá láti máa tọ́jú àwọn tí ń sọ bọ́ọ̀lù. Walker ní kí àwọn márùn-ún máa gba ipò fún ara wọn, kí apá ẹnikẹ́ni má bàa rẹ̀ jù. Hodges ní tirẹ̀ ń tẹnu mọ́ ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀: sáré tọ bọ́ọ̀lù, kí o sì sọ ọ́ sí ibi tí ó yẹ.

Ní ọjọ́ 30 oṣù keje, 1969, Houston ń fìyà jẹ wọ́n. Bọ́ọ̀lù kan lọ sí apá òsì pápá, Cleon Jones kò sì sáré tọ̀ ọ́ bí ó ti yẹ. Jones yìí ni ọ̀gá wọn nínú fífi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù. Hodges dìde, ó rọra rìn kọjá gbogbo ènìyàn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìpẹ̀kun pápá. Jones wí pé ẹsẹ̀ ń dun òun, pápá sì rin lóòótọ́. Àwọn méjèèjì jọ rìn padà, ẹlòmíràn sì bọ́ sí ipò rẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé ìrìn náà ni ó yí ohun gbogbo padà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán, nítorí ẹ̀kọ́ ti ń lọ láti ọdún tí ó ṣáájú, apá Tom Seaver àti ti Jerry Koosman kò sì ṣeé gbàgbé. Ní àárín oṣù kẹjọ, Chicago ṣì fi eré 10 ṣíwájú wọn. Nígbà tí ìdíje parí, Mets ni ó fi 8 ṣíwájú.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, ní pápá kan náà, Davey Johnson ti Baltimore gbá bọ́ọ̀lù sókè lọ sí apá òsì. Bí Mets bá hán an, ife-ẹ̀yẹ di tiwọn. Cleon Jones sún sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ ọn, ó hán an, ó sì fi orúnkún kan kúnlẹ̀.