Bákan náà tàbí Ọ̀kan náà? Ìtàn Ìfiwéra Ojú-àmì Méjì nínú Ètò Kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ìlá-Ọ̀ràngún

Ọba méjì ni ó ń jẹ́ Ọ̀ràngún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: ọ̀kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún, èkejì ní Òkè-Ìlá. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi yé wa pé láti Ìlá-Yàrá ni wọ́n ti pínyà. Oyè wọn rí bákan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò ṣòro fún ọmọ Ìgbómìnà kankan. Òun ni a fẹ́ fi gbé ọ̀ràn kan yẹ̀wò, èyí tí àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ti ń bá yí láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún: báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé ojú-àmì méjì dọ́gba? Ojú-àmì tí à ń wí ni ibi kan ṣoṣo tí nọ́ńbà méjì ń tọ́ka sí, ọ̀kan fún ìbú, ọ̀kan fún òró.

Ní ọdún 1963, ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, Ivan Sutherland ṣe ètò kan tí ó pè ní Sketchpad. Ènìyàn a máa fi kálàmù oníná ya ìlà sí ojú ẹ̀rọ. Bí kálàmù náà bá ti súnmọ́ ojú-àmì tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ a gbà pé orí rẹ̀ gan-an ni ó wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá, nígbà náà, ìsúnmọ́ ti ń dúró fún ìdọ́gba. Nínú èdè Smalltalk-80 tí àwọn ará Xerox ṣe, méjì ni ọ̀rọ̀ náà pín sí. Àmì = ń béèrè bóyá nọ́ńbà ojú-àmì méjèèjì rí bákan náà; àmì == ń béèrè bóyá ohun ọ̀kan náà ni wọ́n nínú ẹ̀rọ. Java gba irú ìyàtọ̀ yìí ní ọdún 1996, ó pe ti àkọ́kọ́ ní equals, ó sì fi == sílẹ̀ fún èkejì. Títí di òní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣi ọ̀kan lò fún èkejì. Ní tiwa, a rò pé bí a bá fi Yorùbá kọ́ wọn ni, àṣìṣe náà ì bá dínkù.

Nígbà tí Macintosh jáde ní ọdún 1984, QuickDraw tí Bill Atkinson kọ ni ó ń yàwòrán sí ojú rẹ̀. Odidi nọ́ńbà méjì ni ojú-àmì níbẹ̀, láti -32768 títí dé 32767, EqualPt ni a sì fi ń wé wọn. Kò sí àríyànjiyàn nínú odidi nọ́ńbà: 127 ni 127 ń jẹ́. Dẹ́símà ni ó dá wàhálà sílẹ̀. 0 àti 1 nìkan ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò, 0.1 kò sì ní òpin nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta kò ti ní òpin nínú dẹ́símà tiwa. Nítorí náà, lábẹ́ ìlànà IEEE 754 ti ọdún 1985, bí a bá ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, èsì rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú 0.3. Èyí ni ó mú kí irú iṣẹ́ bíi graphene_point_near wáyé, níbi tí ẹni tí ń kọ ètò fúnra rẹ̀ yóò ti sọ bí àlàfo tí òun lè gbà ṣe tó.

Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí wá sí Ìlá. Ìlú náà ju 880,000 mítà lọ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Bí a bá fi dẹ́símà kékeré ti ẹ̀rọ, èyí tí ó gba àyè 32, kọ iye tí ó tó bẹ́ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 6.25 ni yóò wà láàárín nọ́ńbà kan àti èyí tí ó tẹ̀lé e. Èyí kéré. Ohun tí ó tóbi ni orísun ìwọ̀n. Láti Minna ni àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà ti ń ka ìwọ̀n àwòrán-ilẹ̀ àtijọ́. WGS84 ni GPS ń lò. Bí àwọn méjèèjì bá kọ nọ́ńbà kan náà sílẹ̀ ní Ìlá, ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí lórí ilẹ̀ yóò fi nǹkan bí 90 mítà jìnnà síra, síbẹ̀ ẹ̀rọ yóò dáhùn pé wọ́n dọ́gba. Ìtàn sọ pé ògbó ni ó ń fi ọ̀nà han Ọ̀ràngún àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tiwa kò mọ ọ̀nà kankan ju èyí tí a kọ fún un lọ.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe eré ní agbègbè yìí. Láti ọdún 1900 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú Ìgbómìnà sí Àríwá pẹ̀lú Ìlọrin, tí Ìlá sì wà ní Gúúsù. Kwara di ìpínlẹ̀ ní ọdún 1967, Ọ̀ṣun ní ọdún 1991, ààlà sì wà láàárín wọn síbẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀wọ́ ojú-àmì ni ààlà. Bí ìhà méjèèjì bá ya tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ètò sì ń béèrè ìdọ́gba géérégé, ẹ̀ẹ́rún ilẹ̀ tí kò ní olúwa yóò máa hàn láàárín wọn, tàbí èyí tí olúwa rẹ̀ di méjì. Bí ètò bá sì gba àlàfo mítà kan, ewu mìíràn wà níbẹ̀: A súnmọ́ B, B súnmọ́ C, ṣùgbọ́n A kò súnmọ́ C mọ́. Báyìí gan-an ni ajẹ-ààlà ṣe ń ṣe pẹ̀lú pèrègún: ẹsẹ̀ kan lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mí-ìn, kò sì sí ọdún kan tí ẹnikẹ́ni rí i pé ó kúrò níbi tí ó wà ní èṣí. Ètò tí yóò wúlò fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè orísun ìwọ̀n nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ó tó wé wọn. Ibi tí pèrègún àkọ́kọ́ wà ni kí ó sì ti máa wọn àlàfo, kì í ṣe ibi tí a bá a ní èṣí.