Fọ́tò Méjì láti Ṣakí

Èmi kì í ṣe ayàwòrán tí ń fi iṣẹ́ náà jẹun. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bí mo bá ti ráyè, n ó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, n ó wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí, n ó sì máa ya ohun tí mo bá rí. Lónìí, mo fẹ́ sọ ohun tí ìrìn wọ̀nyí kọ́ mi nípa ìtàn Òkè-Ògùn, àti àṣìṣe kan tí mo ṣe níbẹ̀.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn. Koríko gíga ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àpáta ńláńlá àti igi tó jìnnà síra wọn. Nínú irú ọ̀dàn báyìí ni ẹṣin ti lè gbé, nítorí eṣinṣin tí ń fi àìsàn pa ẹran ọ̀sìn kò pọ̀ níbẹ̀ tó ti inú igbó. Ẹṣin wọ̀nyí sì wà lára agbára Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹṣin ti ń sáré, ogun kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi sá lọ fi òkè àti àpáta ṣe ààbò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Hugh Clapperton, ará Scotland, àti ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, gba Ṣakí kọjá ní ọdún 1826, nígbà tí wọ́n ń ti Àgbádárìgì lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀nà, kálámù ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún 1839 ni a tó fi ọgbọ́n fọ́tò yíyà ti Louis Daguerre han gbogbo ayé ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà náà, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro. Ẹ rò ó wò! Ọdún díẹ̀ péré ni kámẹ́rà fi pẹ́ jù. Kò sí fọ́tò ọjà Ọ̀yọ́-Ilé kan ṣoṣo láyé, kò sì lè sí láé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, àwọn ará Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ìjọba amúnisìn. Lẹ́yìn ìjà náà, ní 1917, àwọn ará Òkèhò ṣí kúrò ní ìlú wọn láàárín òkè wá sí ibi tí wọ́n wà títí di òní. A lè ka ọ̀rọ̀ àwọn ọba àti àwọn ajẹ́lẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ojú àgbẹ̀ tàbí ahunṣọ tó ru ẹrù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ náà hàn wá?

Èrò yìí ni mo gbé dé Òkè-Ògùn. Mo pinnu pé ènìyàn lásán lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni n ó máa yà. Ní Ìsẹ́yìn, mo ya àwọn tí ń hun aṣọ òfì: òwú tí wọ́n ta gbọọrọ sórí ilẹ̀, òkúta tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kí ó lè le, tí ó sì ń wọ́ tọ ahunṣọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ náà ṣe ń gùn sí i.

Ní Ṣakí ni mo ti ṣìṣe. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan ní ẹ̀yìnkùlé tí ń po òrí. Ó ti yan èso rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti da omi sí i, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pò ó títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó. Oòrùn ọyẹ́ kan apá rẹ̀. Kí n tó kí i, mo ti ya fọ́tò. Ó gbé ojú sókè.

“Ìwọ ọmọ yìí, o ò kí mi, o ti ń mú ojú mi lọ. Ṣé báyìí ni wọ́n ń ya ìyá tìrẹ?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n dúró. Ó wẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá, ó wé gèlè aṣọ òfì, ó jókòó sórí àga, ó kọjú sí mi gan-an, ó sì gbé ọwọ́ lé orúnkún. Mo yà á, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ní ti àkọ́kọ́ ni ojúlówó.

Ìgbà tí mo ka àpilẹ̀kọ tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978 ni mo tó mọ̀ pé èmi ni n kò gbọ́ èdè ìyá náà. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ìjókòó yìí ní òfin tirẹ̀ láàárín Yorùbá: kí a kọjú síwájú, kí aṣọ tẹ́, kí ọwọ́ sinmi, kí ipò ẹni hàn. Ìyá náà mọ irú ẹ̀rí tí òun fẹ́ fi sílẹ̀.

Nígbà tí mo gbé fọ́tò méjèèjì padà fún un, ó da ojú ti ibi iṣẹ́ bolẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kan ti ìjókòó mọ́ ògiri. Nígbà tí ó papò dà, òun náà ni wọ́n fi ṣe ìwé ìsìnkú rẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń gbé Èkó pè mí. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé èyí tí màmá ti ń po òrí ṣì wà lọ́wọ́ yín? Kò sí ẹni tí ń ṣe é nílé wa mọ́. Mo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ wọn.”

N kò mọ èsì tí n ó fọ̀. Olóhun ti da ojú rẹ̀ bolẹ̀. Mo pe àkọ́bí ìyá náà, mo sì ro ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ fún un, kó fi kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó má gbé e kọ́ ògiri o.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí fọ́tò náà níhìn-ín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbé kámẹ́rà tàbí fóònù lọ sí abúlé, iṣẹ́ ńlá ni ẹ ń ṣe, nítorí ohun tí kò ní àwòrán máa ń tètè ṣá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ kọ́kọ́ kí olójú ná.