Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ìrìn Ẹsẹ̀ àti Ìtàn ní Erékùṣù Santorini

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá rìn jìnnà yóò rí abuké erin. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn tó ń fi àkókò ìsinmi wọn rìn kiri erékùṣù Santorini mu. Inú Òkun Aegean, ní ilẹ̀ Gíríìsì, ni erékùṣù náà wà, ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí Athens. Thera ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Mọ́tò ń rìn níbẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà sì ń rù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ló ń rí i dájú bí ilẹ̀ kan náà ṣe ń bọ́ ènìyàn, tó sì ń lé wọn kúrò lórí rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò mọ̀ jù ni èyí tó ti Fira lọ sí Oia. Ó tó kìlómítà 10, etí ọ̀gbun ni ó sì ń tọ̀: ilé funfun lápá kan, òkun nísàlẹ̀ réré lápá kejì. Ẹni tó bá dúró wòye yóò rí i pé erékùṣù náà tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Òkè ayọnáyèéfín ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ó ti bú gbàù lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n èyí tó lókìkí jù ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 1600 ọdún ṣáájú ìbí Kristi. Nígbà tó tú iná àti eérú inú rẹ̀ jáde tán, ilẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ rì, òkun sì ya wọ ibẹ̀. Nea Kameni, erékùṣù dúdú kékeré tó wà láàárín omi náà, kò tíì sí nígbà náà. Òkúta yíyọ́ ló ń kó jọ láti ìsàlẹ̀ òkun títí ó fi yọrí. Ọdún 1950 ni iná sọ níbẹ̀ kẹ́yìn.

Ní gúúsù ni Akrotiri wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Spyridon Marinatos bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1967, ó sì bá ìlú kan lábẹ́ eérú: ilé alájà méjì àti mẹ́ta, òpópónà tí wọ́n tẹ́ òkúta sí, ojú àgbàrá, àti ìkòkò ńláńlá tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí. Àwòrán aláràbarà wà lára ògiri. Nínú ọ̀kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan di ẹja mú lọ́wọ́ méjèèjì. Nínú òmíràn, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń fò láàárín òdòdó.

Ohun tí wọn kò rí ló yani lẹ́nu jù. Kò sí òkú ènìyàn nínú àwọn ilé náà, wúrà tí wọ́n sì bá níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ìsẹ̀lẹ̀ ló kọ́kọ́ mi ìlú náà. Àwọn kan tilẹ̀ ń palẹ̀ àlàpà mọ́ lójú ọ̀nà kí eérú tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Èyí ni àwọn onímọ̀ fi gbà pé ará ìlú gbọ́ ìkìlọ̀ ilẹ̀, wọ́n kó ohun iyebíye wọn, wọ́n sì sá.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, àwọn mìíràn tún wá tẹ̀ dó. Ọ̀nà olókùúta kan ń gun òkè Mesa Vouno lọ sí àwókù ìlú wọn, èyí tí Friedrich Hiller von Gaertringen, ọmọ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í wú jáde ní ọdún 1896. Herodotus, òpìtàn Gíríìkì, kọ ọ́ pé òjò kọ̀ fún ọdún 7 ní Thera, ìlú sì ní kí àwọn ọmọ kan lọ wá ibùgbé mìíràn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà, àwọn ará ilé sọ nǹkan lù wọ́n, wọn kò jẹ́ kí wọ́n gúnlẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ló gbà wọ́n. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá Cyrene sílẹ̀, ní Líbíà òde òní, ní nǹkan bí 630 ọdún ṣáájú ìbí Kristi.

Ní ìdájí ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1956, ìsẹ̀lẹ̀ ńlá pa ènìyàn tó lé ní 50, ó sì wó ọ̀pọ̀ ilé ní Oia. Púpọ̀ nínú àwọn ilé funfun tí àlejò ń yà ní fọ́tò ni wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2025, ilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ìjọba ti ilé-ìwé pa, ènìyàn tó lé ní 10,000 sì wọ ọkọ̀ ojú omi àti bàálù kúrò. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, wọ́n padà. Ẹ̀mí kankan kò bọ́.

Kí ló ń mú wọn padà? Eérú tó bo Akrotiri náà ni àgbẹ̀ ń gbin nǹkan sí. Òjò kò pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ eérú ń fa ìrì mọ́ra. Wọ́n ń ká àjàrà mọ́lẹ̀ bí agbọ̀n, kí ìjì má baà ba èso inú rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn ní oṣù Karùn-ún, kí oòrùn tó mú jù, yóò rí wọn lẹ́bàá ọ̀nà.

Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ó ku kí olùkọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ léèrè: nígbà tí ilẹ̀ Akrotiri kọ́kọ́ mì, ta ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n dìde, báwo ni ó sì ṣe mú kí àwọn yòókù gbọ́?