Réṣíò Nínú Ìdíje Ìṣirò: Ọgbọ́n tí Ó Wà Nínú Kóńgò Ọjà'ba

Ẹni tí ó bá gba Bẹẹrẹ kọjá, tí ó gba ẹsẹ̀ òkè Mápó títí ó fi dé Ọjà'ba, yóò rí i pé ìṣirò kì í sinmi ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn àtijọ́. Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929 nígbà ìjọba àwọn òyìnbó, wà lókè. Nísàlẹ̀ ni àwọn ìyá ẹlẹ́lùbọ́, oní-gàrí àti ẹlẹ́wà ti ń fi kóńgò wọn ọjà. Bí kóńgò èlùbọ́ 3 bá jẹ́ 3,600 náírà, ìyá ọlọ́jà kò nílò bírò kí ó tó sọ pé kóńgò 5 yóò jẹ́ 6,000. Ó ti mọ iye tí kóńgò 1 jẹ́, ó sì ti sọ ọ́ di ìlọ́po 5 lọ́kàn rẹ̀.

Ohun tí ìyá yìí ṣe gan-an ni àwọn olùkọ́ ìṣirò ń pè ní réṣíò. Òun kan náà ni ó ń da ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé láàmú nígbà tí wọ́n bá bá a pàdé nínú ìwé ìbéèrè ìdíje. Kì í ṣe pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò mọ bí a ti ń pín nǹkan. Ohun tí ó sábà máa ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ni pé kò mọ ohun tí réṣíò ń sọ, kò sì mọ ohun tí kò sọ.

Kí ni réṣíò?

Réṣíò ni fífi iye kan wé iye mìíràn láti mọ bí ọ̀kan ti tóbi tó sí èkejì. Bí a bá sọ pé gàrí àti ẹ̀wà tí ó wà nínú ìsọ̀ kan jẹ́ 3 sí 2, a kò sọ pé kóńgò gàrí 3 péré ni ó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ 3 àti 2, ó lè jẹ́ 30 àti 20, ó sì lè jẹ́ 45 àti 30. Gbogbo ohun tí a sọ ni pé níbi tí gàrí bá ti ní ìpín 3, ẹ̀wà yóò ní ìpín 2. Bí réṣíò méjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, bíi 3 sí 2 àti 45 sí 30, a ń pè é ní ìdọ́gba réṣíò.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ ni èyí: èló ni ìpín 1? Ká ní àwọn oníṣòwò mẹ́ta dá 20,000, 30,000 àti 50,000 náírà jọ, tí wọ́n sì jèrè 36,000. Owó tí wọ́n dá jẹ́ 2 sí 3 sí 5. Àpapọ̀ ìpín jẹ́ 10, ìpín 1 sì jẹ́ 3,600. Ẹni àkọ́kọ́ yóò gba 7,200, ẹnì kejì yóò gba 10,800, ẹnì kẹta yóò sì gba 18,000. Ẹni tí ó bá pín èrè náà sí ọgbọọgba mẹ́ta ti rẹ́ ẹni tí ó mú owó púpọ̀ wá jẹ.

Àwọn ìdíje tí ọmọ ń lọ

Ní Nàìjíríà, ibùdó ìmọ̀ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Àbújá, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ni ó ń ṣètò ìdíje Olympiad fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìdíje Cowbell náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998. Ìdíje tí ó ga jù lọ láàárín gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Romania ní ọdún 1959, Nàìjíríà sì kọ́kọ́ kópa níbẹ̀ ní ọdún 2006, nígbà tí ó wáyé ní ilẹ̀ Slovenia. Ìbéèrè 6 ni wọ́n máa ń dáhùn fún ọjọ́ méjì, máàkì 7 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Réṣíò kò fi ìdíje ńlá náà fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Òfin wọn ni pé kí àwọn tí yóò gba àmì ẹ̀yẹ má ju ìdajì àwọn olùdíje lọ, kí wúrà, fàdákà àti idẹ sì súnmọ́ 1 sí 2 sí 3. Bí olùdíje bá jẹ́ 600, àmì ẹ̀yẹ yóò jẹ́ nǹkan bíi 300. Àpapọ̀ ìpín jẹ́ 6, ìpín 1 jẹ́ 50. Wúrà yóò tó 50, fàdákà 100, idẹ 150.

Síso réṣíò méjì pọ̀

Ìbéèrè ìdíje kì í sábà gbé gbogbo réṣíò kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó lè sọ pé gàrí sí ìrẹsì jẹ́ 2 sí 3, ìrẹsì sí ẹ̀wà jẹ́ 4 sí 5, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ kóńgò 70. Mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ìrẹsì ni ó so méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ 3 níhìn-ín, ó jẹ́ 4 lọ́hùn-ún. Ìpín 3 ti àkọ́kọ́ àti ìpín 4 ti èkejì kò tóbi bákan náà, bí kóńgò àti agolo mílíìkì kò ti rí bákan náà. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ wọ́n di òṣùwọ̀n kan. Iye tí 3 àti 4 lè jọ pín dọ́gba ni 12. Réṣíò àkọ́kọ́ yóò di 8 sí 12, èkejì yóò di 12 sí 15. Gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà wá jẹ́ 8 sí 12 sí 15. Àpapọ̀ jẹ́ 35, ìpín 1 jẹ́ kóńgò 2. Gàrí jẹ́ 16, ìrẹsì 24, ẹ̀wà 30.

Wá ohun tí kò yí padà

Ibi tí àwọn tí ń ṣètò ìbéèrè ti ń dán ọgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ wò jù lọ ni ibi tí réṣíò ti yí padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà àti àmì kún ojú ìwé. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé, nínú gbogbo ohun tí ó ń yí yìí, èwo ni kò yí? Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdáhùn sábà máa ń gbà wá.

Èkíní, ó lè jẹ́ pé apá kan ni kò yí. Ọkùnrin àti obìnrin inú ẹgbẹ́ kan jẹ́ 5 sí 3. Obìnrin 6 wọlé, ó wá di 5 sí 4. Ọkùnrin kò pọ̀, kò dín. Ìpín 1 tí ó kún ti obìnrin ni àwọn 6 tí ó wọlé. Ọkùnrin jẹ́ 30. Obìnrin jẹ́ 18 tẹ́lẹ̀, wọ́n wá di 24.

Èkejì, ó lè jẹ́ pé àpapọ̀ ni kò yí. Owó ọwọ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jẹ́ 7 sí 5. Ẹ̀gbọ́n fún àbúrò ní 200 náírà, owó wọn wá dọ́gba. Owó kankan kò ti ìta wọlé. Ìpín 12 náà ni ó ṣì wà, ó kàn di 6 sí 6 ni. Ìpín 1 tí ó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ni 200 náírà. Ẹ̀gbọ́n ní 1,400, àbúrò ní 1,000 kí ó tó di pé wọ́n pín in.

Ẹ̀kẹta, ó lè jẹ́ pé àlàfo àárín méjèèjì ni kò yí. Ọjọ́ orí ni àpẹẹrẹ rẹ̀, nítorí pé bí ọmọ ti ń dàgbà ni bàbá náà ń dàgbà. Ọjọ́ orí bàbá àti ọmọ jẹ́ 7 sí 2. Ní ọdún 10 sí i, yóò di 9 sí 4. Àlàfo ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìpín 5, ti èkejì náà jẹ́ ìpín 5. Nítorí pé àlàfo kò yí, ìpín méjèèjì tóbi bákan náà. Ọmọ kúrò ní ìpín 2 bọ́ sí 4. Ìpín 2 tí ó fi kún un ni ọdún 10, ìpín 1 sì jẹ́ ọdún 5. Bàbá jẹ́ ẹni ọdún 35, ọmọ jẹ́ ẹni ọdún 10.

Àwọn pàkúté

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó ń pọ̀ sí i nígbà tí èkejì bá pọ̀ sí i. Bí òṣìṣẹ́ 6 bá parí iṣẹ́ kan ní ọjọ́ 10, òṣìṣẹ́ 15 kò ní lo ọjọ́ 25. Bí ọwọ́ bá pọ̀, ọjọ́ á dín. Iṣẹ́ náà jẹ́ ti ọjọ́ 60 fún ènìyàn kan. Bí a bá pín 60 fún 15, ọjọ́ 4 ni.

Pàkúté kejì wà nínú ìrìn àjò. Ọkọ̀ kan gbéra ní Bẹẹrẹ lọ sí ìlú kan tí ó jìnnà tó kìlómítà 60. Ó sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan nígbà tí ó ń lọ, ó sì sá 20 nígbà tí ó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé àpapọ̀ eré rẹ̀ jẹ́ 25 lórí ìdọ́gba. Ṣùgbọ́n wákàtí 2 ni ó fi lọ, wákàtí 3 ni ó fi bọ̀. Ó rin kìlómítà 120 ní wákàtí 5, èyí tí ó jẹ́ 24. Ìdí rẹ̀ ni pé ó pẹ́ lójú ọ̀nà nígbà tí eré rẹ̀ kéré ju ìgbà tí eré rẹ̀ pọ̀ lọ.

Pàkúté kẹta wà nínú ìkòkò. Ìkòkò tí ó ga ní ìlọ́po 2 èkejì, tí ó sì fẹ̀ ní ìlọ́po 2 níhà gbogbo, kì í gba ìlọ́po 2 omi. Ìlọ́po 8 ni, nítorí pé 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 ni.

Ẹ̀kẹrin kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Àwọn ọlọ́jà kan máa ń lu ìdí kóńgò wọnú kí ó má baà gba ọjà tó bó ti yẹ. Bí ibi tí ó wọnú bá gba ìdá 1 nínú 10 àyè kóńgò, ẹni tí ó san owó kóńgò 10 ti gbé 9 lọ sílé. Ká ní wọ́n ń ta irú kóńgò bẹ́ẹ̀ ní 1,080 náírà, tí aládùúgbò wọn sì ń ta kóńgò pípé ní 1,150. Lójú, ti àkọ́kọ́ ni ó dínwó. Ṣùgbọ́n 1,080 tí a san fún ìdá 9 nínú 10 túmọ̀ sí pé kóńgò pípé ń lọ ní 1,200. Ti aládùúgbò ni ó dínwó.

Ìṣirò ìpín kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Nínú ìwé tí akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ahmes dà kọ ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Jésù, ìbéèrè kan wà pé kí a pín ìṣù búrẹ́dì 700 fún ọkùnrin mẹ́rin. Ìpín wọn jẹ́ ìdá 2 nínú 3, ìdajì, ìdá 1 nínú 3 àti ìdá 1 nínú 4. Bí a bá sọ gbogbo rẹ̀ di ìdá méjìlá-méjìlá, ó jẹ́ 8 sí 6 sí 4 sí 3. Àpapọ̀ jẹ́ 21. Ẹnì kejì gba 200, ẹnì kẹrin gba 100.

Àwọn baba wa náà kò ṣe aláìmọ̀ ọ́n. Nígbà tí owó ẹyọ ni wọ́n ń ná n'Íbàdàn, ẹyọ 40 ni okùn 1, okùn 50 ni ẹgbàá 1, ẹgbàá 10 ni ọ̀kẹ́ 1. Ẹni tí ó ń gbé ọ̀kẹ́ 1 ń gbé ẹyọ 20,000. Alájọ tí ń yí ìsọ̀ ká nínú ọjà ń gba owó ọjọ́ 1 nínú owó oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá dá 500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30, 500 ni ti alájọ, 14,500 sì ni ti ẹni tí ó dá a: 1 sí 29.

Nínú ogún pípín ni réṣíò ti lè da ilé rú. Yorùbá mọ ìdí-igi, níbi tí a ti ń pín ogún sí iye ìyàwó tí ó bímọ, wọ́n sì mọ orí-ò-jorí, níbi tí a ti ń pín in sí iye ọmọ. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní Èkó, ọmọ 9 láti inú ìyá 4 ni olóògbé fi sílẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fọwọ́ sí ìdí-igi ní ọdún 1962. Nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, orí-ò-jorí á fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdá 1 nínú 9. Ìdí-igi á fún ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí ní ìdá 1 nínú 4, á sì fún ọmọ tí òun àti méjì mìíràn jọ jẹ́ ọmọ ìyá ní ìdá 1 nínú 12. Ilé kan náà ni, ọ̀nà ìpín ni kò jọra.

Èdè tí ọmọ fi ń rò ó

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa sì wà lára àwọn tí ó darí rẹ̀. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ gbogbo, ìṣirò pẹ̀lú, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láyè ọ̀tọ̀. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún òbí kò le. Ọmọ tí ó ń múra ìdíje sílẹ̀ lè tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí Ọjà'ba tàbí kí ó dúró ti àwọn ọlọ́jà ní Bẹyẹrúnkà, kí wọ́n bi í léèrè: èló ni kóńgò 1? Ṣé òṣùwọ̀n kan náà ni a fi wọn méjèèjì? Kí ni kò yí padà? Ṣé bí èyí ti ń pọ̀ ni ìyẹn ń pọ̀, àbí ó ń dín? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan kò wọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí ní èdè ìyá rẹ̀, nígbà tí ó bá dé gbọ̀ngàn ìdíje, Gẹ̀ẹ́sì ojú ìwé nìkan ni yóò kù tí yóò tú.