Kí Ọmọ Ké: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Mímú Ọmọ Tuntun Mí ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Mímú ọmọ tuntun mí jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Bí ọmọ bá wálé ayé tí kò ké, tí ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, ẹni tó gbẹ̀bí ní láti nu ara rẹ̀ gbẹ, kó fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, bí kò bá sì tíì mí, kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ní ẹ̀dọ̀fóró kí ìṣẹ́jú náà tó pé. Nínú ọmọ 100, bíi 5 sí 10 ni yóò fẹ́ irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí yóò fẹ́ oògùn tàbí iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀ kò tó 1. Kò sí àyè láti ṣí ìwé wò, kò sì sí àyè láti ránṣẹ́ pe ọ̀gá. Ohun tí ọwọ́ bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọwọ́ máa ṣe. Ìtàn iṣẹ́ yìí ní Abẹ́òkúta àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá jẹ́ ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ ọwọ́ àwọn agbẹ̀bí, àti ti àwọn agbẹ̀bí tí ẹ̀kọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nígbà tí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, kó wọn dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, ọwọ́ àwọn ìyá àgbà inú agbo ilé ni ìgbẹ̀bí wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ náà a máa tẹ̀ lé ìyá àgbà lọ síbi tí obìnrin ti ń rọbí, a máa gbé omi, a máa di aboyún mú lẹ́yìn, títí ojú rẹ̀ yóò fi là sí i. Bí ọmọ kò bá ké, wọn a wọ́n omi tútù sí i lára, wọn a gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀, wọn a ra ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a sì máa pè é. Orúkọ àmútọ̀runwá fi hàn pé wọ́n fojú sí bí ọmọ ṣe wá dáadáa: Ìgè fi ẹsẹ̀ jáde, Àjàyí dojú bolẹ̀, Òjó àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́rùn wá. Ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wà lára àwọn tí èémí wọn lè má tètè délẹ̀. Nínú ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn ń ṣe, fífi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ṣì wà nínú ẹ̀kọ́ títí dòní. Omi tútù ni kò dára, nítorí pé òtútù a máa jẹ ìwọ̀nba ọ́síjìn tó kù lára ọmọ.

Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti inú kíláàsì kò pẹ́ púpọ̀ kó tó dé Abẹ́òkúta. Ní 1861 ni Dókítà A. A. Harrison, tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS rán wá, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mélòó kan ní iṣẹ́ ìwòsàn nílùú náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Nathaniel King, tó wá lọ kàwé dókítà nílùú Ọba, tó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Èkó. Àwọn òpìtàn ìṣègùn máa ń tọ́ka sí kíláàsì yẹn gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà. Nígbà tí Harrison kú, kíláàsì tú ká. Ní 1867, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀: wọ́n fọ́ ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n sì lé wọn kúrò nílùú. Kíláàsì Harrison kò kan ìgbẹ̀bí ní tòótọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń kọ́, ibi tí obìnrin ti ń rọbí sì jẹ́ ti àwọn obìnrin. Bí ìṣègùn ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta láìmú ìyá àgbà mọ́ra nìyẹn, àṣà yìí kò sì tíì tán nílẹ̀.

Ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, ló wá fẹsẹ̀ múlẹ̀. 1895 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ló sì pè é ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Fáda Jean-Marie Coquard, àlùfáà Àgùdà ará Faransé, ni òpó ibẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ abẹ, ó ń tọ́jú adẹ́tẹ̀, títí ó fi kú ní 1933. Kó tó kú, òfin ti yí padà. Ní 1930 ìjọba amúnisìn ṣe òfin agbẹ̀bí, èyí tó ní kí agbẹ̀bí kẹ́kọ̀ọ́, kó ṣe ìdánwò, kí orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé ìjọba. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà nọ́ọ̀sì àti ọ̀nà ìyá àgbà ti pínyà pátápátá: ọ̀kan ní ìwé-ẹ̀rí àti aṣọ funfun, èkejì ní àwọn aládùúgbò tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí ìwé òyìnbó ń kọ́ni nípa ọmọ tí kò ké láyé ìgbà yẹn kò sàn ju ti àwọn àgbà Ẹ̀gbá lọ. Ní 1871, Bernhard Schultze, dókítà ará Jámánì, kọ̀wé lórí ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń di ọmọ mú ní èjìká, tí wọ́n á máa fì í lọ sókè, fì í wá sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ri ọmọ bọ omi gbígbóná, wọ́n á tún rì í bọ omi tútù. Gbígbé ọmọ lẹ́sẹ̀ sókè kí orí rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀, ká wá gbá a ní ìdí, pẹ́ ní yàrá ìrọbí ju gbogbo wọn lọ, ọ̀pọ̀ òbí ló sì ṣì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi omi tútù ìyá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, kó kọ́kọ́ ka ìwé Schultze.

Àyípadà dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1952, Virginia Apgar ní New York gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ ohun márùn-ún wò lára ọmọ ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìbí rẹ̀: ìlù ọkàn, èémí, líle ara, bó ṣe ń dáhùn bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, àti àwọ̀ ara. Ní 1956, Henning Ruben àti Holger Hesse ní Dẹ́ńmáàkì ṣe àpò rọ́bà kan tó ń dìde padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un. Ambu ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn ló sì wà lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì títí dòní, ìbáà jẹ́ iléeṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo lè fi í fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọmọ láìsí iná mànàmáná.

Ọmọ Ẹ̀gbá ló wà nídìí mímú ìtọ́jú ìlera dé ìgbèríko. Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Funmilayo Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtọ́jú ọmọdé ní Yunifásítì Èkó kó tó di mínísítà ètò ìlera láti 1985 di 1992. Lábẹ́ rẹ̀ ni ilé ìlera alábọ́dé ti di ìpìlẹ̀ ètò ìlera Nàìjíríà, tí wọ́n sì gbé e lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ilé náà dé ọ̀pọ̀ abúlé. Ẹ̀kọ́ nípa èémí ọmọ kò bá a dé ní kíákíá.

Ní 1987 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà àti ẹgbẹ́ tó ń rí sí àrùn ọkàn níbẹ̀ gbé ètò NRP jáde, ẹ̀kọ́ kan náà, ìdánwò kan náà, fún gbogbo ẹni tó wà ní yàrá ìrọbí. Ilé ìwòsàn ńlá ló bá a mu: ó gbà pé ọ́síjìn wà lára ògiri, pé dókítà wà nítòsí tó lè ti rọ́bà bọ ọ̀fun ọmọ. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ní Ṣágámù ti ṣí ní 1986, Federal Medical Centre ní Ìdí-Aba, Abẹ́òkúta, tẹ̀ lé e ní 1993, irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì lè rọrùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ní abúlé kan ní Ọ̀dẹ̀dá tàbí Ọbáfẹ́mi-Owódé, kí ni yóò fi rọ́bà ọ̀fun ṣe? Ìwádìí tí Ola Saugstad ará Norway àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1998 fi hàn pé afẹ́fẹ́ inú yàrá lásán kò kéré sí ọ́síjìn pọ́ńbélé fún ọmọ tí kò mí. Ní 2010, ìlànà àgbáyé gba afẹ́fẹ́ lásán láti fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tó pé oṣù. Ìròyìn ńlá lèyí jẹ́ fún ilé ìlera tí kò ní sìlíńdà.

Ọdún 2010 yẹn kan náà ni Helping Babies Breathe jáde, ẹ̀kọ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún irú ibi bẹ́ẹ̀. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: Ambu kan, ìbomú méjì, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun, tó ṣeé ṣí sí méjì kí wọ́n sè é, bébà ńlá aláwọ̀ ewé, ìyeyè àti pupa tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, àti ọmọláńgidi kan. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń rọ sínú ọmọláńgidi náà, tí yóò fi wúwo bí ọmọ, tí ọrùn rẹ̀ yóò sì yẹ̀ bí ti ọmọ tó rọ̀. Olùkọ́ kan ni fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, méjì méjì ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan gbẹ̀bí, èkejì ṣe ìyá. Olùkọ́ á mú bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan dání lábẹ́ aṣọ. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ìwọ́ ọmọláńgidi á máa lù kìkì, bó bá fi í sílẹ̀, ìwọ́ á dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti fọwọ́ kàn án kó tó mọ ohun tó kàn.

Ìbomú ló máa ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ imú àti ẹnu dáadáa, afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ sá, àyà ọmọláńgidi kò sì ní gbéra. Nígbà náà ni olùkọ́ máa ń ní kí wọ́n tún ìbomú gbé lé e, kí wọ́n tún orí ọmọ ṣe, kí wọ́n wo ẹnu rẹ̀, kí wọ́n fún àpò náà le díẹ̀ sí i. Ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń fún un. Àyà tó gbéra ni ẹ̀rí. Ariwo àti ìkánjú kì í ṣe ẹ̀rí.

Tanzania wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán ẹ̀kọ́ yìí wò dáadáa ní Áfíríkà. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2013 láti ilé ìwòsàn mẹ́jọ sọ pé ikú ọmọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ dín kù pẹ̀lú ìdá 47 nínú 100. Àmọ́ lọ́dún kan náà, ìwádìí mìíràn láti ilé ìwòsàn Haydom ní orílẹ̀-èdè náà fi hàn pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo mú kí ọwọ́ òṣìṣẹ́ dára lórí ọmọláńgidi, kò sì yí ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá padà. Ìgbà tí wọ́n wá ń fi ọmọláńgidi dánra wò lemọ́lemọ́ nínú wọ́ọ̀dù, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ni ikú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọwọ́ tó kọ́ iṣẹ́ yìí dà bí ọwọ́ onílù: bí kò bá kan awọ fún oṣù díẹ̀, ó ti ń tàsé. Òtítọ́ yìí ni àwọn ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ gbọ́, torí ó rọrùn láti kó ènìyàn 50 jọ sí gbọ̀ngàn, kí wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí, kí wọ́n ya fọ́tò.

Ní December 2009, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá ètò kan sílẹ̀ láti rán àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí lọ sí ìgbèríko. Ní 2016, ètò orílẹ̀-èdè fún ọmọ tuntun tẹ̀ lé e. Ìwádìí ìjọba, NDHS, ka ikú 40 nínú ọmọ 1,000 láàárín oṣù àkọ́kọ́ ní 2008, 37 ní 2013, àti 39 ní 2018: ẹ̀kọ́ ń pọ̀ sí i, ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Ìdí rẹ̀ pọ̀. Nọ́ọ̀sì tó kẹ́kọ̀ọ́ ń japa, tàbí kí wọ́n gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù ìrọbí lọ síbòmíràn. Ìwádìí 2018 náà sì sọ pé ìdá 59 nínú 100 ìbímọ ní Nàìjíríà ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ilẹ̀ Yorùbá sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ obìnrin púpọ̀ ló ń bímọ lọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí àti ní ilé ìgbẹ̀bí àwọn ìjọ aládùúrà, níbi tí Ambu kò sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé ọmọláńgidi dé rí.

Kíkó àwọn tó ti ní ìwé-ẹ̀rí jọ lẹ́ẹ̀kan sí i kò lè tún èyí ṣe. Ibi tí obìnrin bá ń rọbí sí ló yẹ kí Ambu àti ọmọláńgidi wà, lórí tábìlì, tí ọwọ́ ń kàn án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí kan ilé ìyá agbẹ̀bí. Ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n gbé ilé ìlera alábọ́dé lé lọ́wọ́ láyé Ransome-Kuti, ló sì yẹ kó gbé e dé ibẹ̀.