Irinṣẹ́ Ìyàwòrán Oníwọ̀n Nílẹ̀ Yorùbá: Ìtàn Wọn àti Ẹ̀kọ́ Tí Òfì Ìsẹ́yìn Kọ́ Olùkọ́

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pa èèrà, à á rí ìfun inú rẹ̀. Òwe yìí bá iṣẹ́ ìyàwòrán oníwọ̀n mu gan-an, èyí tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ sí Technical Drawing. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó tọpasẹ̀ bí irinṣẹ́ ìyàwòrán náà ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí, àti bí wọ́n ṣe dé iwájú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ìbéèrè tí ó wà nídìí iṣẹ́ wa ni èyí: nígbà tí kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ náà ní ọ́fíìsì, ǹjẹ́ ó tọ́ kí olùkọ́ ṣì máa fi T-square kọ́ ọmọ? Èrò wa ni pé ó tọ́, ìtàn sì ni ẹ̀rí tí a ó fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Òṣùwọ̀n ṣáájú ìwé àti pẹ́ńsùlù

Kí ìwé àti pẹ́ńsùlù tó dé ni iṣẹ́ tí ó ṣe rẹ́gí ti wà láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí a wo Ìsẹ́yìn, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí aṣọ òkè. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni ahunṣọ ń hun; ẹ̀yìn èyí ni a ó rán wọn pọ̀ di agbádá tàbí ìró. Bí ìbú aṣọ kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, tàbí tí ilà ara wọn kò bá bára mu, àṣìṣe náà yóò hàn lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Báwo ni ahunṣọ ṣe ń yẹra fún èyí? Ó ń ka òwú kí ó tó ta á. Ẹrù wúwo tí ó so mọ́ òwú ń mú kí ó le tantan. Irinṣẹ́ eléyín bí òòyà, tí ó ń to òwú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò jẹ́ kí ìbú aṣọ yí padà bí ọ̀kọ̀ ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Kì í ṣe ojú lásán ni ahunṣọ gbẹ́kẹ̀ lé. Ó gbẹ́kẹ̀ lé ohun kan tí kò yẹ̀. Ìlànà yìí kan náà ni T-square dúró lé: etí pátákó kan ṣoṣo tí ó gún ni gbogbo ìlà yòókù ń tẹ̀ lé.

Láti ọ́fíìsì ìjọba dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Nílẹ̀ wa, ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn ni irinṣẹ́ ìyàwòrán ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Herbert Macaulay, tí a bí ní Èkó ní 1864, wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1881, ó sì di ayàwòrán níbẹ̀. Ní 1890, ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀-wíwọ̀n. Ó padà dé ní 1893 gẹ́gẹ́ bí awọnlẹ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n ní 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dá dúró. Nígbà tí Olóyè Àmọ́dù Tíjání Olúwa gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay bá a lọ. Ní 1921 ni Ìgbìmọ̀ Privy Council dá Olúwa láre. A rí i pé ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ yìí ju ọ̀rọ̀ ìwé lásán lọ: ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀ mọ ohun tí àwọn aláṣẹ ń fi ilẹ̀ ṣe.

Ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀-wíwọ̀n tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1908 wá kó lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1935, kò sì jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ní 1947, Yaba Technical Institute bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ni ọwọ́ wọn ń tó kọ́ńpáàsì gidi. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ni ó sọ ìyàwòrán oníwọ̀n di ara ẹ̀kọ́ ọmọ gbogbo ní ìpele kékeré ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní ọdún 1982 yìí kan náà ni AutoCAD jáde ní Amẹ́ríkà. Bí a ti ń ṣí ilẹ̀kùn pátákó ìyàwòrán fún ọmọ wa, bẹ́ẹ̀ ni ayé ń ṣí ilẹ̀kùn mìíràn.

Ìmọ̀ irinṣẹ́ àti ìdánwò wọn

Pẹ́ńsùlù òde òní ti ọwọ́ Nicolas Conté, ará Faransé, wá ní 1795. Ó po gráfáìtì lílọ̀ mọ́ amọ̀, ó sì fi iná sun ún, bí àwọn amọ̀kòkò wa ti ń sun ìkòkò. Bí amọ̀ bá ti pọ̀ tó ni pẹ́ńsùlù ṣe ń le tó. Ìdí nìyí tí a fi ń lo 2H fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, tí a sì ń lo HB fún lẹ́tà kíkọ.

Ọ̀tá pátákó ni ojú ọjọ́. Ní Òkè-Ògùn, ọyẹ́ a máa fa omi ara igi gbẹ, òjò a sì tún mú un wú. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣe máa ń fi igi dábùú ẹ̀yìn pátákó, tí wọ́n sì ń mú kí ihò ìṣó onírìn gùn díẹ̀, kí igi lè ráàyè wú kí ó sì sún kì láìlọ́.

Ìdánwò set square kò ná ni ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé e lé etí T-square, ẹ fa ìlà òòró kan. Ẹ dojú rẹ̀ dé bí ẹni ṣí ojú ewé ìwé, kí ẹ tún fa ìlà mìíràn láti ojú kan náà. Bí méjèèjì bá di ọ̀kan, igun náà pé dígírì 90. Bí wọ́n bá yapa, àlàfo àárín wọn jẹ́ ìlọ́po méjì àṣìṣe irinṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí irinṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ yóò pàdánù máàkì lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Olùkọ́ tí kò dán irinṣẹ́ wò ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Àgbálọgbábọ̀

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí a kó wá fún ètò 6-3-3-4 wà nínú àpótí títí wọ́n fi bàjẹ́, nítorí àìsí iná àti àìsí ilé-iṣẹ́. Pátákó àti T-square kò bèèrè iná. Káfíńtà ìlú lè fi igi gbígbẹ ṣe é, olùkọ́ sì lè fi ìdánwò òkè yìí yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ̀ǹpútà dára, ó sì yẹ kí ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ojú iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti òkè ohun kan kò ní tètè mọ̀ nígbà tí àwòrán ojú kọ̀ǹpútà bá ṣìnà. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni jẹ́ ti irinṣẹ́ ṣíṣe àti irinṣẹ́ dídánwò, kí a tó fa ìlà kan. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn kì í ju ọ̀kọ̀ kí ó tó to òwú.