Oúnjẹ, Iṣẹ́ Agbára àti Egungun ní Gàmbàrí, Ìlọrin

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Àfọ̀njá gba Àlímì sí Ìlọrin, ni Haúsá, Fúlàní àti Yorùbá ti jọ ń gbé ìlú náà. Àdúgbò Gàmbàrí, tí ó ń jẹ́ orúkọ tí Yorùbá fi ń pe Haúsá, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí oúnjẹ wọn ti pàdé. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Fúlàní ni wàrà ti ń wá. Ewé igi oṣè tí a sá gbẹ, tí a sì gún di lúrù, kò ṣàjèjì sí Haúsá tàbí Yorùbá. Àtiwàrà àti lúrù ni ó ní kálísíọ́mù, èròjà tí ń mú egungun le.

Iṣẹ́ agbára náà kó ipa tirẹ̀. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìlọrin ní 1908, orí ènìyàn àti ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ẹrù oníṣòwò ń gbà kọjá. Julius Wolff, oníṣègùn ará Jámánì, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1892 pé egungun a máa tún ara rẹ̀ mọ gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí ó ń gbé. Èyí kò sọ ẹrù àpọ̀jù di ohun ìyìn o. Ẹrú wà lára àwọn tí ń rù ú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò lè fún egungun ní ohun tí oúnjẹ kò fún un. Fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀kọ́ tí àwọn oníṣègùn Yúróòpù fi kọ́ni ni pé àìrí oòrùn tó ni olórí ohun tí ń fa rickets, àìsàn tí ń mú ẹsẹ̀ ọmọdé tẹ̀. Fítámì D, tí oòrùn ń mú kí awọ ara ṣe, ni wọ́n kà sí ìwòsàn rẹ̀. Oòrùn kò wọ́n ní Nàìjíríà, síbẹ̀ àìsàn náà ń bẹ. Ní 1999, Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn ní ìlú Jos jáde. Ọmọ 123 tí àìsàn náà ń ṣe ni wọ́n tọ́jú fún ọ̀sẹ̀ 24. Kálísíọ́mù inú oúnjẹ wọn kò ju nǹkan bí 200 miligíráàmù lọ lójúmọ́. Wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ́mù, àwọn kan ní fítámì D, àwọn yòókù ní méjèèjì. Àwọn tí ó gba kálísíọ́mù, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú fítámì D, sàn ju àwọn tí ó gba fítámì D nìkan lọ.

Jos jìnnà sí Gàmbàrí, ṣùgbọ́n àgbàdo ni ẹ̀kọ àti tùwó níbi méjèèjì. Kálísíọ́mù inú àgbàdo kéré, èròjà mìíràn inú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ara rí èyí tí ó wà níbẹ̀ lò dáadáa. Nítorí náà, ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú sórí ẹ̀kọ lásán, láìsí wàrà, láìsí ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegun-teegun, lè máa ṣeré nínú oòrùn láti àárọ̀ di alẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tẹ̀.